Ìbọ̀wọ́ Funfun fún Ìyá Onírin

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó jẹ́ pé ariwo ẹ́ńjìnnì ni orin tó fi ń sùn,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o wà, mo kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Ara mi le, ara bàbá rẹ le, iṣu tó kó wá láti Lougba ń tà, kajú náà kò burú. Ìkíni tán. Ó yá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Táńtì Rosálì, àbúrò mi, dé láti Savalou, ó gbé àpò náílọ́ọ̀nù kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí ni. Ó ní ìwọ lo ní kí òun kó o fún mi. Mo tú u, mo bá ìbọ̀wọ́ funfun méjì níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe òdòdó wẹ́wẹ́ sí létí. Rosálì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí adìẹ gbé, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tó kù. Ó ní ìyá Fẹ́líìsì, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ, ní kí n wá bá àwọn jẹun ọ̀sán ní Savalou ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí àwa ìyá méjèèjì lè mọ ara wa kí àwọn àgbà tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní o bẹ̀ mí kí n wọ ìbọ̀wọ́ yìí nítorí ọwọ́ mi. Ó tún ní tí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ mi, kí n sọ pé òwò ni mò ń ṣe, kí n má mẹ́nu ba àgbá àti irin tí mò ń fọ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá rẹ wà lórí àga rẹ̀, ó ń ha iṣu sísun. Ó wo ìbọ̀wọ́ náà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí o wá ṣe fún wọn?" Ó padà sídìí iṣu rẹ̀.

Mo lè fi fóònù pè ọ́ o. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo bí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gbóná báyìí, wàá ní "Màmá, mo wà ní kíláàsì," fóònù á sì kú, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́tà kò ṣe é pa. O lè jù ú sórí àga, á ṣì máa wò ọ́ láti ibẹ̀.

Ó dùn mí, Àṣàkẹ́. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo lọ tan ẹ́ńjìnnì ọlọ, mo so bẹ́líìtì mọ́ àgbá, bẹ́ẹ̀ kò sí irin kankan nínú rẹ̀, kò sí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ha ìpẹtà dànù. Àgbá ń yí lófìfo, ó ń pariwo, èmi náà ń pariwo, kò sí aládùúgbò tó mọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Nígbà tí mo pa á, ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo wá jókòó, mo wo ọwọ́ mi dáadáa. Ó dúdú lóòótọ́. Abẹ́ èékánná dúdú, ilà àtẹ́lẹwọ́ dúdú bí ẹni pé wọ́n fi báírò fà á. Mo ní, èmi tí gbogbo onízém, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, láti Bantè dé Agoua ń kó irin alùpùpù wọn tó ti dípẹtà wá bá, tí mò ń dá a padà fún wọn tó ń kọ mànà, ṣé ọwọ́ ara mi ni n ò ní lè fọ̀? Mo pinnu pé kí Sátidé tó pé, ọwọ́ yìí á mọ́ ju ìbọ̀wọ́ lọ. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ, àti ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi láti ìgbà èwe mi, torí ilé ọkọ lò ń lọ, ìyá rẹ kò sì ní í jẹ́ kí o lọ lọ́wọ́ òfo.

Èkíní: kí o tó fọ dúdú, mọ irú dúdú tó jẹ́. O gbọ́ mi tí mò ń sọ̀rọ̀ Ọ̀gá Dòsù, ará Tchetti tó kọ́ mi níṣẹ́. Èdè méjì ni ó fi ń bú èèyàn: tí àṣìṣe bá kéré, á fi èdè wa bú ọ, tó bá pọ̀, á bọ́ sínú Mahi, á sì pẹ́ níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, mo sì ti rò pé mo mọ gbogbo nǹkan. Télọ̀ kan kó àwọn irin inú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá pé kí a bá òun fọ̀ wọ́n. Mo rí irin pẹlẹbẹ kan tó dúdú ju àwọn yòókù lọ. Mo ní èyí ló dọ̀tí jù. Mo mú sáńpépà, mo fi ha á láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, ó funfun báláú. Mo gbé e lọ fi han Ọ̀gá, mo ń retí ìyìn. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní Mahi.

Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló yan irin ọ̀hún nínú iná, tí wọ́n rì í sínú epo, kí dúdú yẹn lè jẹ́ aṣọ sí i lára kó má bàa dípẹtà. Èmi ni mo bọ́ irin olóòótọ́ síhòòhò. Kò pẹ́ tí télọ̀ náà fi gbé e padà wá, ó ti pọ́n bí osùn.

Nítorí náà, nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ Fẹ́líìsì, wàá rí àwọn ìwà kan tó máa wù ọ́ láti ha kúrò lọ́jọ́ kìíní. Ọmọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ láàárọ̀, mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Kó o tó mú sáńpépà, béèrè ohun tó fà á. Ìdọ̀tí lè ni, aṣọ lè ni. Bàbá rẹ máa ń bá iṣu rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú oko. Mo ti gbìyànjú láti ha ìyẹn kúrò, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá kajú sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ni.

Ó yẹ kí èmi náà rántí ẹ̀kọ́ yìí. Mi ò rántí. Yanrìn àti epo pupa ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọwọ́ mi, bí a ṣe ń ṣe fún àdá. Awọ bó, dúdú ò bó.

Èkejì: ohun tí o bá rẹ sínú omi, má fi í sílẹ̀ lọ sóde. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì ọlọ tèmi, mo gbọ́ pé omi kajú máa ń jẹ ìpẹtà. Òótọ́ ni. Omi náà kan, ó sì ń fún ẹnu pọ̀. Tí o bá rẹ irin sínú rẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò, ìpẹtà á rọ̀, wàá kàn fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a dànù. Kóró kajú nìkan ni àwọn àgbẹ̀ ń tà, èso rẹ̀ ń jẹrà nílẹ̀ kiri. Mo fún omi rẹ̀ kún garawa ńlá, mo da ọkọ́ àti àdá àwọn ará Agoua sí i, mo lọ sí àpéjọ ìjọ. Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó lè dìde. Nígbà tí mo fi padà dé lọ́jọ́ kẹta, omi kajú ti di ọtí. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ti mu nínú rẹ̀. Ó dúró sáàárín títì, ó ń wo onízém kan tó ń bọ̀, kò yẹ̀. Onízém náà dúró, ó pa alùpùpù rẹ̀, ó bẹ ewúrẹ́.

Irin ńkọ́? Gbogbo àdá ti dúdú bí kóró iṣin. Àwọn ọkọ́ tó ti gbó, omi ti jẹ wọ́n jẹ wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà gbé ọkọ́ tirẹ̀ sókè, ó sì fi ojú wò mí láti inú ihò rẹ̀. Títí dòní, tí mo bá pàdé ọkùnrin yẹn lọ́jà, ojú kan ló ń dì sí mi.

Ìjà ilé ọkọ bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá jà, má ṣe sọ pé kó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o wá di ẹrù rẹ wá sí Bantè. Nígbà tí o bá fi padà, ọ̀rọ̀ ti di ọtí, ẹni tí kò kàn á ti mu nínú rẹ̀ yó. Tí mo bá ní kí n dárúkọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mu, Táńtì Rosálì ni.

Ta ló wá tún rẹ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi kajú lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ yìí? Èmi náà ni. Mo rò pé ara èèyàn kì í ṣe irin. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, irin ti wọ inú awọ mi jìnnà. Bí omi kajú ṣe pàdé rẹ̀, ọwọ́ tó jẹ́ pé abẹ́ èékánná àti ilà rẹ̀ nìkan ló dúdú tẹ́lẹ̀ di dúdú kirikiri dé ọrùn ọwọ́. Bàbá rẹ wò ó, ó ní, "Ó dáa. Oríṣi ìbọ̀wọ́ méjì lo wá ní báyìí."

Lọ́jọ́ kejì mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú gbo ó. Gbogbo ibi tí irin ti gé mi rí láyé mi ló dìde kí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi epo àtùpà fọ̀ ọ́. Bàbá rẹ ká ẹní rẹ̀, ó lọ sùn sẹ́yìn ilé. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò ṣùkù àgbàdo tí mo gún wẹ́wẹ́, èyí tí mo fi ń nu irin gbẹ, mo ń rà á níbẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Bàbá rẹ ní, "Ó ku àgbá." Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo wo ẹnu àgbá náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yé mi.

Ẹ̀kẹta, èyí sì ni kí o fi sọ́kàn jù: má kó idẹ pọ̀ mọ́ irin. O mọ òrùka tín-ín-rín tí mo so mọ́ òwú, tí mo fi há inú àpótí mi? Òrùka tí bàbá rẹ fi gbé mi níyàwó ni. Ó nípọn nígbà náà. Alágbẹ̀dẹ kan ní Savalou ló fi idẹ rọ ọ́, ó gbẹ́ lẹ́tà orúkọ àwa méjèèjì sí i lára. Lọ́jọ́ kan mo ki ọwọ́ bọ inú àgbá láti wo bóyá bóòtù àti nọ́ọ̀tì alùpùpù ti mọ́, òrùka yọ, mi ò mọ̀. Mo tún tan ẹ́ńjìnnì. Mo wá òrùka náà káàkiri, mo tú ilé, mo ti ń fura sí Rosálì. Nígbà tí mo da àgbá sórí asẹ́, mo rí nǹkan kan tó ń dán láàárín bóòtù àti òkúta wẹ́wẹ́, ó tín-ín-rín bí òwú. Lẹ́tà orúkọ wa ti lọ pátápátá. Mo gbé e lọ bá bàbá rẹ pẹ̀lú omijé. Ó gbé e síwájú ojú, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó ti mọ́."

Bóòtù kò bá òrùka náà jà o. Bóòtù ò ní ìkà nínú. Wọ́n kàn pọ̀, wọ́n sì le. Òun kéré, ó sì rọ̀. Ilé tí ò ń lọ yìí, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Bàbá Fẹ́líìsì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ Faransé nídìí oúnjẹ bí ẹni ń mu omi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó máa fẹ́ ṣe ọ́ níbi. Wọ́n á kàn máa yí, ìwọ náà á máa bá wọn yí. Lọ́jọ́ kan wàá wo ara rẹ, wàá rí i pé ò ń dán, lẹ́tà orúkọ rẹ ti lọ.

Bóòtù náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. O mọ̀ ọ́n, ìwọ gan-an lo máa ń gbọ́ ọ ju èmi lọ: tí irin bá ti mọ́, ariwo inú àgbá á yí padà, á di wọ́ọ́rọ́wọ́, wàá ní, "Màmá, ó ti tó." Lọ́jọ́ kan tí o wà ní ilé-ìwé, mo jẹ́ kó yí kọjá ibi tó yẹ, torí mo fẹ́ kó dán kí ẹnu ya àwọn onízém. Ó dán lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun lè fi wo irun òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fi nọ́ọ̀tì dè é, nọ́ọ̀tì ń yí lásán, kò mú. Eyín tó wà lára bóòtù ti jẹ tán. Mo san àsanpadà irin ọjọ́ yẹn, ká má sọ ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o dán, kí o mọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n dán ọ débi tí o kò ní lè di nǹkankan mú mọ́. Tó bá ti tó, sọ pé ó ti tó.

Àti pé kì í ṣe àwọn ará ilé ọkọ rẹ ló bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì. Ṣé o rántí ọjọ́ tí Fẹ́líìsì kọ́kọ́ wá kí wa? O ti fi tapólì bo àgbá kí ó tó dé, o ní tó bá béèrè, ká ní àgbá omi ni. Ọmọ ọlọ́mọ gun alùpùpù láti Savalou nínú oòrùn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó wo tapólì náà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi fún òun níbẹ̀. Bàbá rẹ ló gbà ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní omi ti tán. Fẹ́líìsì fi gbogbo ojú rẹ̀ wo àgbá ńlá náà, ó ní ó mà ṣe o, ó bá wa kẹ́dùn. Nígbà tó délé, á ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òùngbẹ ń pa àwọn àna òun ní Bantè.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé èmi ni tapólì kàn.

Mo fẹ́ gbàgbé ẹ̀kẹrin. Má kún inú ilé rẹ jù, má sì jẹ́ kó ṣófo jù. Tí o bá kún àgbá dé ẹnu, irin kò ní ráyè yí, wọ́n á kàn jókòó ti ara wọn, ìdọ̀tí wọn á wà níbẹ̀. Tí o bá fi irin mẹ́ta sí i, wọ́n á máa já lu ara wọn títí tí wọ́n á fi fọ́. Díẹ̀ ju ìdajì lọ ló dára. Ìyẹn ni pé kí o máa gba àlejò, kí àlejò sì máa lọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí Táńtì Rosálì bá gbé àpótí wá, béèrè ọjọ́ tó ń lọ kí o tó fún un lómi.

Bí gbogbo oògùn ọwọ́ ṣe kọ̀, mo ní kò burú, kí n kúkú kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn àárọ̀ àná. O mọ àwa ìjọ aláṣọ funfun. Kò sí ohun tí èèyàn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa tí kò ní ìtumọ̀. Àmùrè báyìí, ipò báyìí. Fìlà báyìí, ipò báyìí. Mo wọ sùtánà mi, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo lọ jókòó ní ìlà ẹ̀yìn tí mo máa ń jókòó sí. Arábìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ọwọ́ mi, ó dìde, ó fún mi láyè. Ẹnìkejì rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti mú mi dé ìlà iwájú láàárín àwọn màmá ìjọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó fi mí joyè. Ìyá arúgbó kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ wá, ó ní kí n gbọ́wọ́ lé e lórí. Kí ni kí n ṣe? Mo gbọ́wọ́ lé e. Ọmọ náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi rò pé òórùn epo àtùpà ló bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìjọ ti ń ké halelúyà.

Lẹ́yìn ìsìn, olùṣọ́-àgùntàn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè ibi tí oyè tuntun yìí ti wá. Mo ní ọmọ mi ló fi ránṣẹ́. Ó ní ṣé ọmọ mi ti di wòlíì ni? Mo ní rárá o, ọkọ ló fẹ́ fẹ́. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ sílé, kí n lọ sinmi.

Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ẹ̀rín tán. Àwọn tó ti mọ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́, tí mò ń lọ àgbàdo fún, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn tó jókòó sínú aṣọ mi. Ara mi kò balẹ̀ rárá. Mo wá ń ro ti Màdáámù, ìyá Fẹ́líìsì, tí kò mọ̀ mí rí. Tí mo bá wọ ìbọ̀wọ́ wọ ilé rẹ̀, tí mo ní òwò ni mò ń ṣe, tó sì fẹ́ràn mi, ta ló fẹ́ràn? Ó sì dọjọ́ wo tí màá tó lè bọ́ ọ? Lọ́jọ́ tí o bá bímọ, èmi ni n ó wá wẹ ọmọ náà, bí ìyá mi ṣe wá wẹ̀ ọ́. Ṣé ìbọ̀wọ́ ni màá fi wẹ ọmọ rẹ, kí ìyá ọkọ rẹ má bàa rí ọwọ́ mi? Àbí wàá ní kí n má wá? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sùn dáadáa lánàá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán.

Mi ò ní pa òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀ fún ọ, o ti gbọ́ ọ jù. Mo kàn ń béèrè.

Èyí ni ẹ̀karùn-ún, ó sì kúrú: irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni ìpẹtà máa ń yára mú jù. Tó bá jáde nínú omi, ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tí o bá ní o ń lọ kí ẹnì kan kí o tó fi epo pa á, ó ti pọ́n. Nítorí náà, bí mo ṣe fọ̀ ọ́ nínú lẹ́tà yìí, jẹ́ kí n fi epo pa ọ́ kí n tó gbéra. Ọmọ dáadáa ni ọ́. O gbọ́n ju èmi àti bàbá rẹ lọ, o sì lójú àánú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé o kórìíra mi lo fi ra ìbọ̀wọ́. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ kí wọ́n má bàa fi ojú kéré wò mí. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ tó wọ bàtà òdì ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe fi ẹ̀sọ̀ mú èyí.

Ìbọ̀wọ́ rẹ wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú lẹ́tà. Mo ti fọ̀ ọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Tí o bá ṣì fẹ́ kí n wọ̀ ọ́, mú un wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ Savalou, màá wọ̀ ọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, màá jẹun, màá rẹ́rìn-ín, màá padà sílé, ọmọ mi náà lo ṣì máa jẹ́. Èmi kò ní dójú tì ọ́ níwájú àwọn àna rẹ láé.

Ṣùgbọ́n ohun kan ni mi ò ní ṣe. Tí Màdáámù bá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mi ò ní dáhùn. Màá gbé omi mu. Ìwọ ni wàá dá a lóhùn, pẹ̀lú ẹnu tìrẹ, níṣojú mi. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o sọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé rẹ tòrò, kí ohun tí o bá dì mú má bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí n wẹ ọmọ rẹ, kí n tún wẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun náà ń bọ̀, òun kò sì ní wọ nǹkankan sọ́wọ́.

Nígbà tí o bá fẹ́ dáhùn ní Sátidé, jọ̀ọ́, sọ ọ́ sókè. Ẹ́ńjìnnì ti jẹ nínú etí mi díẹ̀, mi ò sọ fún ọ rí, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn kọjá mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ ní Bantè.